Gbogbo Wa La Ní Kí Wọ́n Bá Wa Kí Màmá Dorcas

Màmá Dorcas Fáṣínà ti kú. Ẹ̀yìnkùlé ara wọn ní Ìrẹmọ ni wọ́n kú sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ńṣì kan tí wọ́n ń gbé bọ̀ wá sí iwájú ilé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ la tó mọ̀. Òjò ọjọ́ Ìṣẹ́gun pa wọ́n níbi tí wọ́n ṣubú sí, oòrùn Ọjọ́rú pa wọ́n níbẹ̀, ìrì òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ sì tún bá wọn níbẹ̀. Dókítà tó yẹ òkú wọn wò sọ fún mi pé egungun itan ló dá. Ó ní egungun itan kọ́ ló pa wọ́n, pé àìrí ẹni gbé wọn dìde ló pa wọ́n, àti pé ó ṣeé ṣe kí ẹ̀mí ṣì wà lára wọn títí di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Ká ní inú oko ni Màmá ń gbé, à bá sọ pé ọ̀nà ló jìn. Ká ní wọn kò lójúlùmọ̀, à bá sọ pé ta ni ì bá mọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ìṣẹ́gun gan-an ni ọjọ́ tó yẹ kí ilé Màmá Dorcas kún fún èèyàn. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ìjókòó máa ń bẹ̀rẹ̀ níwájú ilé wọn, ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí Ọlọ́run dá. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, àwa mẹ́rin láti inú ìgbìmọ̀ tó ń ti Màmá lẹ́yìn ló yẹ ká wà níbẹ̀, pẹ̀lú ẹbí ọmọ kan tí wọ́n fẹ́ torí rẹ̀ jókòó. Ká ní ẹnì kan ṣoṣo dé ibẹ̀, kódà kó jẹ́ pé àwáwí ló wá ṣe, ì bá gbọ́ ohùn wọn láti ẹ̀yìnkùlé. Ẹnì kankan kò dé.

Orúkọ tèmi wà nínú ètò ọjọ́ náà lẹ́ẹ̀mejì. Èmi, Ọlátúnbọ̀sún Fákúnlé, ni sẹ́kítírì ìgbìmọ̀. Èmi náà sì ni àbúrò bàbá Àjàgbé, ọmọ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ máa ń ra ìwé ìròyìn yìí torí pé mo mọ bí wọ́n ṣe ń bú àwọn ẹlòmíràn, ẹ fara balẹ̀ lónìí. Ilé ara mi ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Mo gbọ́ pé àwọn kan ṣì ń pe Màmá ní ìyá àwọn olè. Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí wọ́n jẹ́.

Ọmọ bíbí Ìrẹmọ ni wọ́n. Ọkọ wọn tètè kú, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí fún un kò sì dàgbà. Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi se oúnjẹ ní ilé àtúnṣe kan tó jìnnà réré sí Ifẹ̀, irú ilé tí wọ́n máa ń kó àwọn ọmọ aláìgbọràn lọ, tí àwọn èèyàn wa ń pè ní ẹ̀wọ̀n ọmọdé. Màmá kì í fi ẹnu ba ibẹ̀ jẹ́. Wọ́n ní àwọn ọmọ ń jẹun, wọ́n ń sùn, wọ́n sì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń hun apẹ̀rẹ̀. Ohun tó lé wọn kúrò níbẹ̀ ni ọmọkùnrin kan tí wọ́n sìn délé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ìyá ọmọ náà jáde, ó kí i, ó gbé àga fún un, ó sì wọlé lọ bu omi wá fún un nínú kọ́ọ̀bù tí wọ́n fi ń ṣe àlejò. Ọmọ náà mu omi náà tán, ó ní òun dúpẹ́.

“Mo wo àwọn méjèèjì,” ni Màmá sọ fún mi. “Wọ́n ti tún ọmọ náà ṣe lóòótọ́ o, Sẹ́kítírì. Àmọ́ kò sí ìyá mọ́, kò sí ọmọ mọ́. Bí mo ṣe padà dé ilé ìdáná báyìí, mo sọ ìkòkò kalẹ̀, mo ní mò ń lọ sílé wa.”

Wọ́n dé Ìrẹmọ ní 1952. Wọn kò kọ́ ilé, wọn kò gbé pátákó sára ògiri. Bẹ́ńṣì mẹ́rin péré ni wọ́n ní kí káfíńtà kàn fún àwọn.

Iṣẹ́ tí Màmá ń ṣe kò le láti ṣàlàyé. Bí ọmọ bá jalè, bó bá ń sá kúrò ní sùkúrù, bó bá ń fi òkúta fọ́ èèyàn lórí, tí ẹbí rẹ̀ bá sì sunkún wá bá Màmá pé kí wọ́n bá àwọn mú un sọ́dọ̀, wọn kì í gbà. Wọ́n á ní, “Ẹ má gbé e wá fún mi. Ẹ gbé ara yín wá.” Ilé rẹ̀ ni ọmọ á máa sùn, kò sì gbọ́dọ̀ dá wá sí ìjókòó. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, bàbá rẹ̀ á wá, ìyá rẹ̀ á wá, ìyàwó ilé, ẹ̀gbọ́n, ẹni tí ọmọ náà jí nǹkan rẹ̀, aládùúgbò tó fẹjọ́ rẹ̀ sun ọlọ́pàá, gbogbo wọn á jókòó lórí bẹ́ńṣì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọmọ á sì wà láàárín wọn. Òfin kan ṣoṣo ló wà fún ọ̀rọ̀ sísọ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bi ọmọ náà ní ohunkóhun títí àgbà kọ̀ọ̀kan á fi sọ nǹkan kan tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣe sí i tí kò dáa. Bí àwọn àgbà bá dákẹ́, gbogbo èèyàn á dákẹ́. Bó bá di aago mẹ́fà tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀, Màmá á dìde, wọ́n á na ẹ̀yìn, wọ́n á ní, “Ẹ ṣeun o. Ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun.”

Ẹ̀yin náà mọ bí èyí ṣe máa rí létí àgbà Ifẹ̀. Kí àgbàlagbà tó ń jẹ́ Bàbá nílé, tí wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ kí lóde, kó wá jókòó níta gbangba, kó máa jẹ́wọ́ níwájú ọmọ ọdún mẹ́tàlá? Wọ́n ní àwọn òyìnbó ti ba Màmá lórí jẹ́. Wọ́n ní bí èèyàn bá pàdánù ọmọ, ó lè máa ṣe báyẹn. Ọgbọ́n tí a wá dá ni pé a ń rán aṣojú. Bàbá á rán ìyàwó kékeré, ìyá á rán àbúrò rẹ̀. Màmá á wo ìyàwó kékeré náà tìyanu-tìyanu.

“Ìyàwó, ṣé ìwọ lo fi okùn so ọmọ yìí mọ́gi?”

“Háà, rárá o, mà.”

“Mo mọ̀. Ìwọ jókòó, sinmi, iṣẹ́ ilé pọ̀. Ẹni tó so ó mọ́gi ni kó wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.”

Mo rí i bí iṣẹ́ náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ojú mi ló ṣe, ní 1953. Ọmọ Òkèrèwè kan, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, já ilẹ̀kùn ìsọ̀ Mojíre, obìnrin tó ń ta abọ́ àti ife ní ilé kejì sí ti Màmá. Bàbá rẹ̀ kò rán aṣojú. Àgbẹ̀ ni, ó wá fúnra rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ oko lọ́rùn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun mẹ́ta gbáko ló fi jókòó tí kò la ẹnu. Èmi tí mo wá láti kọ ìròyìn nípa ọ̀rọ̀ náà, oorun gbé mi lọ́jọ́ kẹta. Lọ́jọ́ kẹrin ni ọkùnrin náà gbójú sókè, ó ní:

“Látọjọ́ tí ìyá ẹ ti kó jáde, mi ò fi oríkì pè ọ́ mọ́. ‘Ìwọ yẹn’ ni mò ń pè ọ́. Mo mọ̀ pé ò ń retí ẹ̀. Mo mọ̀, mi ò kàn pè é ni.” Ó wá pè é. “Àtàndá.”

Ọmọ náà bú sẹ́kún. Mojíre, tó jẹ́ pé abọ́ rẹ̀ tó fọ́ ló torí rẹ̀ wá, bú sẹ́kún. Nígbà tó nu ojú tán, ó ní ebi ló máa ń gbé ọmọ náà wá síwájú ìsọ̀ òun tẹ́lẹ̀, pé òun a sì máa fi ìgbálẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó ní kó sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Àtàndá bá káfíńtà wá tún ilẹ̀kùn tó já kàn, káfíńtà náà sì ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Káfíńtà ni Àtàndá fúnra rẹ̀ lónìí, ó ti di géńdé.

Nígbà tó fi máa di 1955, ọmọ mẹ́tàdínlógún ni Màmá ti gbà kalẹ̀ báyìí. Adájọ́ kan tó lójú àánú gbọ́ nípa rẹ̀. Ó ní dípò kí òun máa kó àwọn ọmọ wa lọ sí ilé àtúnṣe, òun á máa fi wọ́n sílẹ̀ fún ìjókòó Màmá, bí àwọn èèyàn pàtàkì nílùú bá lè dúró ti obìnrin náà. Àwa èèyàn pàtàkì kò sì jẹ́ kí wọ́n pè wá lẹ́ẹ̀mejì. A dá Ìgbìmọ̀ Alábàárò Ọmọ sílẹ̀, àwa méjìlá. Olóyè Lágúnjú ni alága. A lọ ya fọ́tò ní Ẹnuwá, a wọ agbádá, a sì ní kí Màmá dúró ní ìparí ìlà. Fọ́tò náà jáde nínú ìwé ìròyìn yìí. Ẹ wá a jáde bí ẹ bá ṣì ní in nílé. Ẹ máa rí àwa méjìlá dáadáa. Lápá òsì, níbi tí wọ́n ti gé fọ́tò náà, ẹ máa rí ọwọ́ obìnrin kan tó di ìbòrùn mú. Màmá Dorcas nìyẹn. Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀, n kò sì dárúkọ wọn.

Kí ni Màmá wá béèrè lọ́wọ́ àwa ìgbìmọ̀? Ṣé mọ́tò ni? Ṣé ilé ni? Wọ́n ní ká máa wá jókòó. Àwa mẹ́rin lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kọ̀ọ̀kan, ká máa pín in ṣe. Mo bi wọ́n pé kí ni ìjókòó wa wúlò fún, nígbà tó jẹ́ pé ẹbí ọmọ ni ọ̀rọ̀ kàn. Wọ́n ní, “Kí ọmọ náà lè rí i pé ìlú ń wo òun, tí wọn ò sì mú pàṣán dání.” Mo rẹ́rìn-ín, mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, mo ní ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún gbọ́.

Ní 1955, a ń lọ. Ní 1956, méjì nínú wa ń lọ, nígbà mìíràn ẹnì kan. Lọ́dún yìí, mo ń kọ ìwé ìjókòó láti ilé. Ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Adájọ́ ní ká máa fi ìròyìn ránṣẹ́ lóṣooṣù kí òun lè mọ̀ pé ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ṣì ń dé ibẹ̀, èmi sì ń jókòó sídìí tábìlì mi, mò ń kọ orúkọ àwọn mẹ́rin tí kò lọ síbẹ̀. Màmá nìkan ló ń kó àwọn ẹbí náà jọ. Màmá nìkan ló ń gbé bẹ́ńṣì jáde, tó ń gbé e wọlé, obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Ìkankan nínú wa kò ronú kan bẹ́ńṣì rí. Bí a bá dé, a máa ń bá wọn nílẹ̀ ni, a ó sì jókòó lé wọn.

Ẹ wá gbọ́ bí ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá ṣe lọ. Mo ti lọ wádìí rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, wọn kò sì jiyàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo pàdé Èṣùbíyì, tíṣà sùkúrù, lójú ọ̀nà. Orúkọ rẹ̀ wà lára àwa mẹ́rin. Mo ní, “Tíṣà, tóo bá dé ọ̀hún lónìí, bá mi kí Màmá. Sọ fún wọn pé ara mi ò yá.” Ó ní, “Wọ́n á gbọ́.” Èṣùbíyì kò sọ fún mi pé òun kò lọ. Ó dé ìsọ̀ Láoyè, aránṣọ, ẹni kẹta wa, ó ní àwọn ní ìpàdé àwọn tíṣà, kí ó bá òun kí Màmá, kó sì tún bá èmi náà kí wọn. Láoyè ní wọ́n á gbọ́. Láoyè ní aṣọ ìgbéyàwó tí wọ́n ń dúró gbà, ó rán ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sí Olóyè Lágúnjú pé kí Bàbá bá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí Màmá. Olóyè ní wọ́n á gbọ́. Ní aago méjì ọ̀sán, Olóyè rí mi níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́.

“Sẹ́kítírì! Inú mi dùn tí mo rí ẹ. Mo ní àlejò láti Ìbàdàn. Bóo bá débẹ̀, bá mi kí Màmá. Bá gbogbo wa kí wọn.”

Kí ni mo sọ? Mo mọ̀ pé n kò lọ. Mo mọ̀ láti àárọ̀ pé n kò lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, mo ní, “Wọ́n á gbọ́, sà.”

Ìkíni mẹ́rin ló rìn káàkiri Ifẹ̀ lọ́jọ́ náà, tó sì padà sọ́dọ̀ èmi tí mo kọ́kọ́ rán an níṣẹ́. Ohùn wa dùn, a bọ̀wọ̀ fún ara wa, kò sẹ́ni tó ṣàfojúdi sí ẹnikẹ́ni. Màmá sì wà ní ẹ̀yìnkùlé, bẹ́ńṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n ń retí kí aago mẹ́rin lù. Ìyẹn ni n kò lè gbé kúrò lọ́kàn. Màmá mọ̀ pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Nígbà tí wọ́n ṣubú, ó dá mi lójú pé wọ́n sọ fún ara wọn pé kò burú, àwọn èèyàn ń bọ̀ láìpẹ́.

Mojíre, aládùúgbò tí ì bá gbọ́ igbe, ti lọ ra ọjà ní Ìbàdàn láti ọjọ́ Ajé. Òun ló padà dé tó lọ kan ilẹ̀kùn wọn láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ìwé ìjókòó sì nìyí níwájú mi. Mo ti kọ ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun sílẹ̀ ṣáájú, kí iṣẹ́ má baà pọ̀ jù fún mi. Ọwọ́ mi ló kọ ọ́, kò sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀: “Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé. Ìjókòó lọ dáadáa. Ara Màmá Dorcas dá.”

A sin wọ́n lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Èrò pọ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń sin ọba. Gbogbo àwa méjìlá pé, ó mà ṣe o, a pé! Ẹni tí kò lè rin ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá dé Ìrẹmọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun lè dúró nínú oòrùn fún wákàtí mẹ́ta lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Àtàndá ló kan pósí náà láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun dá sí i. Olóyè Lágúnjú ka ọ̀rọ̀ ìdágbére ojú ìwé mẹ́rin. Wọ́n ní ìyá ńlá lọ. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ dúró gbọn-in lẹ́yìn Màmá láti ọjọ́ kìn-ín-ní, pé a kò fi wọ́n sílẹ̀ lọ́jọ́ kan rí.

Ohùn kan wá láti ẹ̀gbẹ́ pósí. “Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ńkọ́, sà?”

Àtàndá ni. Kò pariwo. Ó béèrè bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́.

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́, pé wọ́n ti sọ pé olè ni tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo fà á lápá. Ẹ gbà mí gbọ́, èmi tí mo mọ ohun tó wà nínú ìwé tó wà nílé mi ni mo fà á lápá. Mo ní, “Àtàndá, dákẹ́, àgbà ń sọ̀rọ̀.” Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi, ó ní, “Ẹ̀yin náà, sà?” Olóyè parí ojú ìwé kẹrin.

Ó lè wù yín kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀, ká ti sìnkú, ká ti sunkún. Kò parí. Ọmọ mẹ́jọ ló ṣì wà lábẹ́ ìjókòó Màmá. Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yìí, adájọ́ ránṣẹ́ sí wa pé níwọ̀n bí Màmá kò ti sí mọ́, mọ́tò á wá kó àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lọ sí ilé àtúnṣe ní ìparí oṣù, àfi bí ìgbìmọ̀ bá lè fi hàn pé ìjókòó kò dáwọ́ dúró. Ọ̀nà ṣì wà, ẹ ṣe rí i? Ẹ wá gbọ́ èsì tí alága wa ní kí n kọ padà. Wọ́n ní kí ìjọba máa kó wọn lọ ná, pé wọ́n á máa tọ́jú wọn dáadáa níbẹ̀. N kò tíì kọ ọ́. Èyí tí ẹ ń kà yìí ni mo kọ dípò rẹ̀.

Mo béèrè lọ́wọ́ Olóyè Lágúnjú, Èṣùbíyì, Láoyè, àti àwọn mẹ́jọ yòókù tí orúkọ wọn wà lábẹ́ fọ́tò: níbo lẹ wà? Ìgbà wo lẹ jókòó kẹ́yìn? Ẹ má dá mi lóhùn nílé yín, ẹ má ránṣẹ́ sí mi. Ẹ wá sọ ọ́ níwájú ilé Màmá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, aago mẹ́rin, níwájú àwọn ọmọ mẹ́jọ náà àti àwọn òbí wọn. Mo ti kọ̀wé pe adájọ́ síbẹ̀. Ìwé ìjókòó ọdún méjì, pẹ̀lú gbogbo irọ́ tí mo kọ sínú rẹ̀, ni mo máa fi lé e lọ́wọ́. Ohun tó bá fẹ́ fi mí ṣe ni kó fi mí ṣe. Ẹ̀yin ará ìlú tí ẹ ti fẹjọ́ ọmọ ẹlòmíràn sun ọlọ́pàá rí, ẹ̀yin náà ẹ máa bọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má rán ìyàwó kékeré.

Ó kù kí n sọ ìdí tí n kò fi lọ. Ara mi yá. Kò sí ohun tó ṣe mí.

Èmi ló kàn láti sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni mo ti ń yẹ̀ ẹ́. Fúnlọ́lá ìyàwó mi ni mo ń rán lọ jókòó nítorí Àjàgbé, Màmá sì ń dá a padà. Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, Màmá sìn mí dé ojú títì. Wọ́n ní, “Sẹ́kítírì, ìwé yín dára púpọ̀. Ọ̀rọ̀ tiyín la ò tíì gbọ́.” Mo ní, “Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, mà.” Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí Màmá ṣubú yìí, n kò rán Fúnlọ́lá mọ́; láti aago mẹ́ta ààbọ̀, Àjàgbé ti wẹ̀, ó ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó dáa, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi.

“Bàbá, aago mẹ́rin ti lù.”

Mo ní ara mi ò yá.

“Ẹ jẹ́ kí n lọ kí Màmá, kí n sọ fún wọn pé ara yín ò yá.”

“Rárá. Ọmọ kì í dá lọ síbẹ̀. Òfin Màmá ni.”

Nínú gbogbo ọdún tí mo fi bá Màmá ṣiṣẹ́, ìgbà kan ṣoṣo tí mo pa òfin wọn mọ́ nìyẹn. Ká ní mo jẹ́ kí ọmọ náà lọ ni, Màmá ì bá wà láàyè. Àjàgbé jókòó sẹ́nu ọ̀nà náà títí òjò fi lé e wọlé.

Àjàgbé, mo mọ̀ pé o máa ka èyí, torí ìwọ lo máa ń ka ìwé ìròyìn fún ìyá rẹ. Ní ọdún tí bàbá rẹ kú, tọ́ọ̀ṣì mi sọnù. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ọ́. Mo fà ọ́ jáde, mo nà ọ́ láti ẹnu ọ̀nà wa títí dé ojú títì, mo ń pè ọ́ lólè lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ, ò ń sọ pé, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wá.” O kò tíì mú abẹ́rẹ́ ẹnikẹ́ni rí nígbà náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹni tó ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì wa gbé tọ́ọ̀ṣì náà wá bá mi. Abẹ́ àga tí mo jókòó sí lọ́jọ́ ìkórè ló ti rí i. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi aṣọ wé e, mo tì í sábẹ́ àpótí, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń pè ọ́ lólè ládùúgbò, mo gbọ́, mo dákẹ́. Nígbà tí o wá jalè lóòótọ́, mo ní ẹ ò rí i, mo ti sọ bẹ́ẹ̀.

O kò jí tọ́ọ̀ṣì náà. Èmi ni mo gbàgbé rẹ̀ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì ti mọ̀ láti ọdún mẹ́ta. Mo máa tún un sọ lójú rẹ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, lójú gbogbo èèyàn, kí ẹnikẹ́ni tó bi ọ́ ní nǹkan kan.